Sípíkà Méjì, Àga Kan

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba yàrá ní Ọ̀fà, mi ò ní bẹ́ẹ̀dì. Orí ẹní ni mò ń sùn. Mi ò ní kọ́bọ́ọ̀dù, inú báàgì ni aṣọ mi ń gbé. Ìkòkò kan ṣoṣo ni mo ní, òun náà kò sì ní ìdérí. Ṣùgbọ́n mo ní sípíkà méjì tí wọ́n ga dé ìbàdí mi, mo sì ń fi aṣọ àrán nù wọ́n láràárọ̀ kí n tó fọ ẹnu ara mi.

Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba nígbà náà, ní àárín àwọn ọdún 1980. Ọwọ́ tíṣà kan tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè ni mo ti ra ẹ̀rọ náà. Ó ti kọ́ni ní ìṣirò nínú ìlú fún ọdún pípẹ́, ó wá ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sílé. Àwọn ènìyàn ra fíríìjì rẹ̀, wọ́n ra sítóòfù rẹ̀, wọ́n ra àga ìjẹun rẹ̀. Èmi wọlé, mo rí ṣéńjà rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí à ń gbé àwo orin lé kó máa yí, mo rí ampilifáyà tí bọ́tìnnì kún iwájú rẹ̀, mo rí sípíkà méjèèjì tí wọ́n dúró bí ọlọ́pàá sí igun yàrá, mo sì gbàgbé ohun tí mo wá rà. Bẹ́ẹ̀dì ni mo wá rà.

Kí tíṣà náà tó lọ, ó mú mi jókòó, ó ṣàlàyé sítẹ́ríò fún mi. Ó ní bí ènìyàn bá gbé sípíkà kan sí òsì, tó gbé èkejì sí ọ̀tún, tó wá jókòó sí àárín gbùngbùn, orin yóò kúrò nínú àpótí, yóò wá dúró síwájú rẹ̀. Gìtá á máa ti apá kan wá, ìlù á máa ti apá kejì wá, olórin fúnra rẹ̀ á wà láàárín. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tó gbọ́ wáàsí tó yí ọkàn rẹ̀ padà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ààfáà sítẹ́ríò fún gbogbo Ọ̀fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó wé láwàní fún mi.

Ilé gígùn ni ilé tí mò ń gbé, yàrá lápá òsì, yàrá lápá ọ̀tún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín, kò sì jìnnà sí ojú irin. Alhaja kan tí wọ́n ń ta aṣọ ló ni ín. Yàrá méjì ni mo gbà níbẹ̀, ọ̀kan ni mo fi ṣe pálọ̀. Mo gbé àga kan ṣoṣo tí mo ní sí àárín pálọ̀ náà, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká lórí sìmẹ́ǹtì, kí ẹnikẹ́ni má baà sún un. Orí àga yẹn ni màá fi àlejò sí. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ọ̀kan á jókòó sílẹ̀, á máa retí kó kàn án, bí ẹni tó wá rí dókítà.

"Ṣé ẹ gbọ́ gìtá yẹn lápá òsì?" ni màá máa bi wọ́n.

Wọ́n á ní àwọn gbọ́ ọ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé torí kí n lè dákẹ́, kí wọ́n lè sọ ohun tó gbé wọn wá, ni wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ.

Rélùwéè nìkan ló fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́. Bó bá ti ń kọjá, ilẹ̀ á mì, abẹ́rẹ́ á sì máa fò lórí àwo bí tata. Mo tẹ́ fóòmù sábẹ́ ṣéńjà, kò gbọ́. Mo fẹ́ atẹ́gùn sínú rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ológeere, mo gbé ṣéńjà lé e, ṣéńjà wá ń fì bí ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tó yá, mo kọ́ bí mo ṣe ń gbọ́ fèrè rélùwéè láti òkèèrè, màá sì sáré lọ gbé abẹ́rẹ́ sókè kó tó dé. Mo lè wà nínú ilé ìwẹ̀, kí ọṣẹ wà lójú mi, màá sáré jáde. Àwọn ará ilé ní àwọn òṣìṣẹ́ sítéṣọ̀n gan-an ò mọ ìgbà tí ọkọ̀ ń dé tó mi.

Alhaja onílé kì í bínú. Wọ́n kàn yọjú lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rọ rẹ yìí mà lágbára o. Àwọn àwo ìjẹun mi ń jó nínú kọ́bọ́ọ̀dù."

"Ẹ ṣé, Alhaja," ni mo wí. Mo rò pé wọ́n ń yìn mí ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo ṣílẹ̀kùn mi sílẹ̀ gbayawu gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, kí aráyé lè jàǹfààní. Mo gbójú sókè, mo rí ọmọbìnrin kan tó fara ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó dijú, tó rọra ń mí. Inú mi dùn. Mo ní ẹni tó mọ orin rèé. Mo ní kó wọlé wá jókòó.

"Ẹ má ṣèyọnu, sà," ló wí. "Òjò ni mò ń dúró kó dá. Alhaja ni mo wá rí, ó sì ti rẹ̀ mí."

Tíṣà ọmọ kékeré ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, láti Ìjàgbó ló sì ti ń wá sẹ́nu iṣẹ́. Mo fi dá a lójú pé òjò náà ò ní tètè dá, mo sì ń bẹ Ọlọ́run nínú ikùn mi kó má sọ mí di òpùrọ́. Ó wọlé. Mo fi í sórí àga, mo tún àga náà ṣe kó bọ́ sójú ìlà ṣọ́ọ̀kì, mo gbé àwo háyìláìfù kan sí i, mo wá lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo tẹjú mọ́ ọn.

"Kí lo gbọ́?"

"Orin."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n níbo ló ti ń wá?"

Ó wo òsì, ó wo ọ̀tún. "Gìtá wà níbí. Ìlù wà lọ́hùn-ún." Ó rò ó díẹ̀. "Ṣé wọ́n jà ni?"

Mo ṣàlàyé fún un títí òjò fi dá, títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ gbẹ. Irú sùúrù tó ń fi gbọ́ ọmọ tó bá ń ka A-B-D ló fi gbọ́ mi. Nígbà tó dìde, ó ní bàbá òun náà fẹ́ràn orin, rédíógírámù kan wà nílé àwọn tó ti pẹ́. "Ojú kan náà ni gbogbo wọn ti ń jáde níbẹ̀," ló wí. "Wọn kì í pínyà."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́ nìyẹn. Ó gbà fún mi nígbà tó yá, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún mi pé kì í ṣe nítorí sítẹ́ríò. Ó ní òun rò ó dáadáa pẹ̀lú sítẹ́ríò náà, òun sì rí i pé òun lè fara dà á. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ wá kí bàbá òun.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni Alhaji, bàbá rẹ̀. Ibùdókọ̀ rélùwéè ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn, láti ìlú kan dé òmíràn lójú irin. Nígbà tí wọ́n wá padà sí Ìjàgbó, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ilé wọn sí ibi tó jìnnà sí ojú irin. Wọ́n ní ariwo rélùwéè tí àwọn gbọ́ láyé yìí, ó tó.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Wọ́n ní kí n dìde. Rédíógírámù náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gùn bí àpótí aṣọ ìyàwó, igi rẹ̀ ń dán tó fi jẹ́ pé mo rí eyín ara mi nínú rẹ̀. Wọ́n tàn án. Kò dún.

"Ó ń gbóná ni," Alhaji wí.

A jókòó. A ń wo ara wa. Ọmọbìnrin náà gbé omi wá, mo mu ún, ó kó ife lọ. Ẹ̀rọ ṣì ń gbóná. Nígbà tó wá ṣe tán, Alhaji mú àwo àpàlà kan jáde nínú páálí rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e bí ọmọ ìkókó, wọ́n gbé e sí i, wọ́n padà sí àga wọn, wọ́n sì dijú.

Orin náà dùn. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó wọ̀ mí lára. Kí n dákẹ́ báyìí, ó tán, mo ti fẹ́yàwó. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ẹnu ààfáà sítẹ́ríò?

"Kò burú o, sà," mo wí. "Béèsì rẹ̀ nìkan ni ò jinlẹ̀ tó. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tèmi ní Ọ̀fà…"

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè, ó ń wo àjà. Alhaji la ojú kan.

"Kí ni béèsì?"

Mo ṣàlàyé pé ìró ìsàlẹ̀ orin, tó máa ń dún wọ ara, ni. Mo fi ọwọ́ gbá àyà mi, mo fi ibi tí béèsì ti máa ń bá ènìyàn hàn wọ́n. Láti orí béèsì mo kọjá sí òsì, láti òsì mo kọjá sí ọ̀tún. Àwo ti parí, ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lásán, mi ò tilẹ̀ fura.

"Ó dáa," ni Alhaji wí nígbà tí mo dánu dúró láti mí. "Màá wá gbọ́ ọ. Ní Sátidé."

Ọmọbìnrin náà sìn mí dé etí títì. Ìgbà tí mọ́tò fẹ́ dé ló tó yíjú sí mi. "Mo ní kẹ́ ẹ wá kí bàbá mi. Ta ló ní kẹ́ ẹ wá polówó rédíò?"

Mo fi ọwọ́ sọ̀yà fún un. Mo ní kó fi ọkàn balẹ̀, bí bàbá rẹ̀ bá ti gbọ́ béèsì mi, ọ̀rọ̀ tán.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìjì dìde. Ó ṣí páànù kan lókè igun tí mo to àwo mi sí, òjò sì rọ gba ibẹ̀ wọlé. Gbogbo páálí rin gbingbin. Lọ́jọ́ kejì oòrùn yọ, oòrùn tó múná, mo sì dúpẹ́ pé Ọlọ́run ò gbàgbé mi. Mo kó gbogbo àwo mi jáde, mo tẹ́ ẹní sí àgbàlá, mo sá wọn bí ẹni sá èlùbọ́, mo wọ bàtà mi, mo lọ sí ọ́fíìsì. Mo tilẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ náà yangàn níbẹ̀ pé ẹni tó ní nǹkan gbọ́dọ̀ mọ ìtọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, Alhaja onílé ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ojú àánú ni wọ́n fi ń wò mí.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "ó jọ pé àwo rẹ ti di àwo ọbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Òmíràn ká bí etí erin. Òmíràn jinlẹ̀ láàárín tó fi jẹ́ pé adìẹ kan ń ṣa àgbàdo jẹ nínú rẹ̀, kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀ nígbà tí mo lé e.

Mo ní kò burú, ohun tí iná ká, iná ló ń nà án. Mo yá áyọ́ọ̀nù eléèédú Alhaja. Mo tẹ́ aṣọ lé àwo kan, mo lọ̀ ọ́ bí ẹni lọ ṣẹ́ẹ̀tì Jímọ̀. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlà orin ara rẹ̀ ti parẹ́, ó ń dán bí dígí. Mo gbé e sí ṣéńjà, abẹ́rẹ́ yọ̀ láti etí rẹ̀ dé àárín lẹ́ẹ̀kan náà, ó dún "ṣùú", ó tán. Mi ò tíì gbọ́ orin tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn yòókù, mo fi ampilifáyà tẹ̀ wọ́n, mo fi àpò ìrẹsì tẹ̀ wọ́n, nígbà tó yá mo tò wọ́n sábẹ́ ẹní mi, mo sùn lé wọn. Ẹ̀yìn mi ló kọ́kọ́ tẹ́. Àwo kan ṣoṣo ni oòrùn ò rí, torí pé ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ọ́fíìsì ti yá a. Mo gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìkánjú tó jẹ́ kó máa wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Sátidé pé. Iná wà, mo dúpẹ́. Alhaji dé nínú jalabíà funfun, ọmọ wọn tẹ̀ lé wọn. Wọ́n kí Alhaja onílé, wọ́n kí gbogbo ilé, wọ́n wọ yàrá mi, wọ́n sì dúró wo ìlà ṣọ́ọ̀kì ilẹ̀.

"Kí ni wọ́n sin síbí?"

"Wọn ò sin nǹkan kan, sà. Ojú ibi tí ohùn ti ń pàdé ni."

"Háà," ni wọ́n wí. Wọ́n jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé ohùn náà lè gbá wọn lórí.

Mo gbé àwo tó sàn díẹ̀ nínú àwọn tó ká sí i. Abẹ́rẹ́ ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ohùn olórin náà sì ń bá a lọ, á ròkè, á wálẹ̀, á tún ròkè. Mo ń mi orí mi tẹ̀ lé ohùn náà kó lè dà bí ẹni pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Alhaji fetí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ṣé orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ọkùnrin yìí wà nígbà tó ń kọrin?"

Ikọ́ kan gbé ọmọ wọn, kò sì tètè lọ.

"Oòrùn ló ká àwo náà, sà."

"Ó dáa." Wọ́n ń wá ohun rere sọ, mo rí i lójú wọn. "Òsì wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Ọ̀tún náà wà."

Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ fèrè lókèèrè. Mo fò dìde, mo gbé abẹ́rẹ́ sókè. Nígbà tí mo fi máa yíjú padà, àga ti ṣófo. Sálúbàtà Alhaji nìkan ló kù nílẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá wọn, wọ́n dúró nídìí igi ìbẹ́pẹ láìwọ bàtà, wọ́n fi ọwọ́ ṣíji bo ojú. Rélùwéè ẹrù ni, ó gùn, ó ń wọ́ bọ̀ wọ̀ọ́. Ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Àwọn àwo ìjẹun Alhaja ń jó nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn. Nígbà tí orí ọkọ̀ náà dé ọ̀kánkán wa, Alhaji na ọwọ́ sókè, wọ́n jù ú lọ́nà kan tí mo mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ ara wọn nìkan ló mọ̀. Awakọ̀ náà rí wọn, ó tẹ fèrè. Alhaji rẹ́rìn-ín sókè bí ọmọ ọdún mẹ́wàá.

"Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ gbọ́ ariwo rélùwéè mọ́," ọmọ wọn rọra wí fún mi. Ó ń wo bàbá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

Nígbà tí ìrù ọkọ̀ náà kọjá, Alhaji yíjú sí mi, wọ́n gbá àyà wọn ní ibi tí mo ti gbá tèmi ní Ìjàgbó.

"Ṣé ohun tó ò ń pè ní béèsì nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dára púpọ̀."

A padà sínú yàrá. Kí n tó lè sọ̀rọ̀, Alhaji ti gbé àga kúrò láàárín ìlà, wọ́n gbé e sẹ́nu fèrèsé tó kọjú sí ojú irin. Ta ni yóò sọ fún àna ẹni pé kó dìde? Mo gbé àwo kan tó kù sí i, èyí tí oòrùn ò pa. Sákárà ni. Ẹ̀rọ náà ò dójú tì mí. Ohùn ń jáde kedere, gòjé lápá kan, ìlù lápá kejì, olórin láàárín pẹ̀lú ohùn tó tutù bí omi àmù. Mo wo Alhaji láti rí bó ṣe ń wọ̀ wọ́n lára. Àgbọ̀n wọn ti kan àyà. Wọ́n ti sùn.

Ó dùn mí dé egungun. Mo ronú bẹ́ẹ̀dì tí mi ò rà, mo ronú ẹ̀yìn mi tí àwo gún láti ọjọ́ mélòó kan. Mo wá sọ fún ara mi pé béèsì ni kò tó. Mo yí bọ́tìnnì rẹ̀ díẹ̀. Alhaji hanrun. Mo tún un yí. Ọmọbìnrin náà ń mi orí sí mi kíkankíkan pé rárá, rárá, èmi sì rò pé orin ló ń mì ín lórí. Mo yí bọ́tìnnì náà dópin.

Erùpẹ̀ àjà ya lulẹ̀. Alhaja onílé kígbe "Asitagafurulahi!" láti yàrá wọn. Alhaji fò dìde, fìlà wọn ṣubú, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n sì pariwo kíkan:

"Ẹ kúrò lójú irin! Ẹ kúrò lójú irin!"

Mo pa ẹ̀rọ. Alhaji wò mí, wọ́n wo sípíkà, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn tó ṣì wà lókè, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n mú fìlà nílẹ̀, wọ́n gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀.

"Ó dún," ni wọ́n wí. "Mo gbọ́ ọ."

Wọ́n wọ sálúbàtà wọn, wọ́n sì lọ.

Mo mọ̀ pé ó ti parí. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo jókòó sórí ẹní, mo kẹ̀yìn sí sípíkà méjèèjì bí ẹni tó ń bá ìyàwó jà, nígbà tí ọmọbìnrin náà ti ẹnu iṣẹ́ yà.

"Kí ni wọ́n wí?" mo bi í, mi ò lè wo ojú rẹ̀.

"Wọ́n ní ọkùnrin tó lè tọ́jú ohun tí kò ní láárí tó báyìí, yóò tọ́jú ènìyàn." Ó jókòó sórí àga. "Wọ́n tún ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti sun irú oorun bẹ́ẹ̀, kó tó di pé ẹ fẹ́ pa àwọn. Wọ́n ń bọ̀ ní Sátidé. Wọ́n ní ṣé ẹ mọ ìgbà tí ọkọ̀ ẹrù máa ń kọjá."

Mo mọ̀ ọ́n. Ohun kan ṣoṣo tí sítẹ́ríò kọ́ mi tó wúlò nìyẹn.

Kí a tó ṣe ìgbéyàwó, ìyàwó mi ní bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ wọlé ṣáájú òun. Ó wọlé. Àwọn ẹrù tó tẹ̀ lé e ló fọ́ sítẹ́ríò sí méjì, nítorí nígbà tí a kó àga tuntun sí pálọ̀, ibi tí sípíkà kejì máa dúró sí di ìyẹ̀wù. Gìtá wá ń dún ní pálọ̀, ìlù ń dún ní ìyẹ̀wù. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orin tán, ẹnu ọ̀nà láàárín yàrá méjèèjì ló gbọ́dọ̀ dúró sí. Mo dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ìyàwó mi ń fi ìgbálẹ̀ lé mi kúrò lójú ọ̀nà.

Nígbà tí a wọ àwọn ọdún 1990, àwọn ọmọ dé. Ẹnu ilẹ̀kùn rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì tí mo rà kún ẹ̀rọ mi ni àkọ́bí mi máa ń rọra fi ẹ̀kọ rẹ̀ pamọ́ sí nígbà tó bá yó. Ìyàwó mi tẹ́ aṣọ olódòdó sórí ampilifáyà, ó gbé ìkòkò òdòdó oníke lé e. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan gba yàrá lódìkejì wa, ó gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kékeré kan wá tí ariwo rẹ̀ bo tèmi mọ́lẹ̀, ó wọlé kí mi lọ́jọ́ kan, ó wo sípíkà mi, ó ní, "Dádì, ṣé kọ́bọ́ọ̀dù nìyẹn ni?" Mo ṣàlàyé fún un. Kò padà wá mọ́.

Alhaji nìkan ni kò dáwọ́ dúró. Ní gbogbo Sátidé, ẹnu fèrèsé. Ṣùgbọ́n rélùwéè ń dín kù. Ó di ẹ̀ẹ̀kan ní Sátidé méjì, ó tún di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Wọ́n á jókòó títí, wọ́n á máa wo irin tí koríko ti ń hù láàárín rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí kò sí ohun tó kọjá rárá, wọ́n kẹ̀yìn sí fèrèsé, wọ́n ní, "Fi nǹkan sí i, ká gbọ́."

Rédíógírámù wọn ti kú nígbà náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo àpàlà wọn wá láti Ìjàgbó, díẹ̀díẹ̀, nínú báàgì ráfíà, a sì pinnu láti gbà wọ́n sínú kásẹ́ẹ̀tì kí wọ́n má baà ṣègbé. Wáyà tí ó yẹ ká fi gbà wọ́n ti sọnù, nítorí náà a gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì sójú sípíkà, mo sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má mí. Bí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì báyìí ni àkùkọ á kọ. Ọmọ á sunkún. Ìyàwó mi á pè láti ilé ìdáná pé oúnjẹ ti ń tutù. Màá fò dìde pé kí a dá a dúró, kí a tún un bẹ̀rẹ̀, ó ti bàjẹ́.

"Jẹ́ kó máa lọ," ni Alhaji máa ń wí. "Kí ló ń lé ọ?"

Bí àwọn ọdún 1990 ti ń parí lọ, Alhaji fi wá sílẹ̀, wọ́rọ́wọ́, lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. A sin wọ́n sí Ìjàgbó. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ìyàwó mi jókòó sí pálọ̀, ó ní kí n fi ọ̀kan nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn sí i. Mi ò fẹ́. Ó ní kí n fi sí i.

Àpàlà bẹ̀rẹ̀. Àkùkọ kọ. Ohùn ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ń ti òkèèrè bọ̀ pé ẹ wá jẹun. Lẹ́yìn náà, nígbà tí orin dé ibi tó dùn jù lọ, tí olórin náà fẹ́ẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, ohùn ọkùnrin kan bò ó mọ́lẹ̀: "Ẹ gbọ́ bí agídìgbo yẹn ṣe ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, sà, ìyẹn ni pé…" Èmi ni. Ohùn Alhaji sì tẹ̀ lé e, kò le, ó kàn rẹ̀ wọ́n ni: "Ọmọ mi, jẹ́ ká gbọ́ orin."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, mi ò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún. Mo sún mọ́ ọn, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó nu ojú rẹ̀, ó tún ń fetí sílẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o," ló wí. "Ẹ ò dákẹ́ síbẹ̀."

Òótọ́ ni. Mo gbọ́ ara mi nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, mo ti rẹ ohùn sílẹ̀, mo ṣì ń ṣàlàyé.